Ẹja Odò nínú Omi Oníyọ̀ Díẹ̀ ní Etíkun Ìlàjẹ

Ẹja odò ni orúkọ tí a ń pe àwọn ẹja tí a bí sínú omi aláìníyọ̀, tí wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ títí di ọjọ́ ikú wọn, bí àrọ̀, bí ẹ̀pìyà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní tìlápíà, àti bí àwọn ẹja kéékèèké aláwọ̀ mèremère tí a ń rà sínú àpótí gíláàsì fún wíwò. Ẹja òkun sì ni àwọn tí omi iyọ̀ jẹ́ ilé wọn. Ní etíkun Ìlàjẹ, láti Àràròmí ní ìwọ̀ oòrùn títí dé Awoye ní ìlà oòrùn, ìpín méjì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí pé omi tí ó yí àwọn ìlú náà ká kì í ṣe ti odò pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti òkun pátápátá. Omi àmúlùmálà ni, èyí tí odò ń tú sí láti òkè, tí òkun sì ń tì wọlé láti ìsàlẹ̀, tí ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ ń yí padà láti oṣù dé oṣù, nígbà mìíràn láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja odò nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe nínú àpótí gíláàsì ní yàrá àlejò ní Igbókọ̀dá tàbí nínú tánkì oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a fi òpó gbé sókè lójú omi ní Ayétòrò, yóò bá ìbéèrè kan pàdé tí ẹni tí ń gbé Àkúrẹ́ kò ní láti dáhùn: iyọ̀ mélòó ni ẹja odò lè gbà mọ́ra, kí ni iyọ̀ náà ń ṣe lára rẹ̀, níbo sì ni oore iyọ̀ ti ń di ìpalára?

Ìwọ̀n iyọ̀ inú omi ni iye gíráàmù iyọ̀ tí ó wà nínú lítà omi kan. Omi òkun gbangba ní nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan. Omi odò tí a ń pè ní aláìníyọ̀ kì í sábà ní ju ìdajì gíráàmù lọ. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì ni omi àmúlùmálà. Àlàfo náà fẹ̀ púpọ̀, ìdí sì nìyí tí kò fi tó kí ènìyàn kàn sọ pé omi kan níyọ̀ díẹ̀. Gíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan ni àwọn tí ń sin ẹja wíwò máa ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi iyọ̀ tọ́jú ẹja. Gíráàmù 5 sí 10 ti di omi ọ̀sà gidi. Bí ó bá sì ti kọjá 15, kì í ṣe ibùgbé ẹja odò mọ́, àfi ti ìwọ̀nba àwọn ẹja tí a dá láti máa lọ láti máa bọ̀ láàárín omi méjèèjì. Ahọ́n ènìyàn lè mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú omi nígbà tí kò tíì tó gíráàmù kan pàápàá, ṣùgbọ́n ahọ́n náà kò lè sọ bóyá gíráàmù 4 ni tàbí gíráàmù 7, ìyàtọ̀ yẹn gan-an sì ni ó máa ń da ọmọ àrọ̀ láàmú. Ẹyin adìyẹ tí àwọn mìíràn ń jù sínú omi láti fi dán iyọ̀ wò kò wúlò níhìn-ín rárá, torí pé ẹyin tútù a máa rì sínú omi òkun fúnra rẹ̀, omi tí ó bá sì gbé e léfòó ti níyọ̀ ju ti òkun lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán. Ohun èlò tí ó yẹ ni ọ̀pá gíláàsì kékeré tí ń léfòó, tí a ń ka ìlà ara rẹ̀ níbi tí ojú omi bá dé, tàbí awò kékeré tí a ń kán omi ẹ̀kán kan sí lórí, tí a sì ń gbé sójú níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí a lè ka ìwọ̀n iyọ̀ nínú rẹ̀.

Kí a tó lè mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe, ó yẹ kí a mọ bí ara ẹja ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹja ní iyọ̀ nínú, ìwọ̀n iyọ̀ náà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja eléegun sì sún mọ́ gíráàmù 9 nínú lítà kan, yálà odò ni ẹja náà ń gbé tàbí òkun. Omi a máa gba inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láti ibi tí iyọ̀ ti kéré lọ sí ibi tí iyọ̀ ti pọ̀, awọ tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ lára ẹja ni ti ẹ̀yà pupa tí ó fi ń mí, èyí tí ó wà lábẹ́ ìdérí ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ẹja odò ti níyọ̀ ju omi tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lọ, omi kì í dẹ́kun wíwọ inú rẹ̀, iyọ̀ kì í sì í dẹ́kun jíjò jáde. Ẹja odò dà bí ọkọ̀ tí ń jò, tí atukọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sinmi omi gbígbọ̀n: kíndìnrín rẹ̀ ń da ìtọ̀ púpọ̀ tí kò níyọ̀ nù tọ̀sán-tòru, àwọn sẹ́ẹ̀lì pàtàkì kan nínú ẹ̀yà ìmí rẹ̀ sì ń ṣa ìwọ̀nba iyọ̀ tí ó wà nínú odò padà sínú ẹ̀jẹ̀, agbára tí ó sì ń ná sórí iṣẹ́ yìí jẹ́ apá kan nínú oúnjẹ tí ó jẹ. Òdìkejì èyí ni ẹja òkun. Omi tí ó yí i ká níyọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, omi ara rẹ̀ ń sá jáde, nítorí náà ó ní láti máa mu omi òkun, kí ó sì máa ti iyọ̀ tí ó bá a wọlé síta láti inú ẹ̀yà ìmí. Ẹja odò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi. Ẹja òkun ni òùngbẹ ń gbẹ.

Ìmọ̀ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní ọdún 1930 ni Homer Smith, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹja òkun ń mu omi iyọ̀, àti pé kì í ṣe kíndìnrín ni ó ń lé ọ̀pọ̀ nínú iyọ̀ náà jáde. Ní ọdún 1932, Ancel Keys àti Edward Willmer ṣàpèjúwe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ẹ̀yà ìmí ẹja. August Krogh ti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì sì fi hàn pé ẹja odò lè fa iyọ̀ wọlé láti inú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì kó ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1939.

Láti inú àlàyé yìí ni ìṣirò tí ó wúlò jù lọ fún olùsin ẹja ti jáde. Bí a bá fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ ẹja àti omi yóò dín kù, iṣẹ́ ara ẹja yóò sì fúyẹ́. Bí a bá ń fi kún un títí tí iyọ̀ omi fi dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 9, a ti dé ààlà, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ ni omi yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi jáde lára ẹja, ẹja odò tòótọ́ kò sì ní ohun tí ó fi lè lé iyọ̀ jáde bí ti òkun. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé gíráàmù 10 ni a sábà ń kà sí òpin ohun tí àrọ̀ lè fara dà, àti pé ẹyin àti ọmọ rẹ̀ fẹ́ omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré sí èyí púpọ̀. Àwọn tí ń pa ọmọ àrọ̀ ní Nàìjíríà ti ń lo òǹkà 9 yìí lójoojúmọ́, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ bèèrè ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ àpò àtọ̀ lára akọ ẹja, tí wọ́n sì fi abẹ là á, omi iyọ̀ oní-gíráàmù 9 nínú lítà kan ni wọ́n fi ń pò ó kí wọ́n tó dà á sórí ẹyin inú abọ́. Nínú omi iyọ̀ náà, àtọ̀ kò ní í mira, torí pé kò mọ̀ pé òun ti kúrò nínú ara ẹja. Ìgbà tí wọ́n bá da omi aláìníyọ̀ sí i ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí kò tó nǹkan sì ni ó gbọ́dọ̀ bá ẹyin pàdé kí agbára rẹ̀ tó tán. Ẹni tí ó bá kánjú, tí ó fi omi odò fọ àtọ̀ kí ẹyin tó wà nílẹ̀, ti pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Oore tí iyọ̀ ń ṣe nínú àpótí ẹja kò ju mẹ́ta tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Èyí àkọ́kọ́ jẹ mọ́ àpótí tuntun. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa tú amóníà sínú omi, àwọn bakitéríà a sì sọ amóníà di náítíráìtì, kí irú bakitéríà mìíràn tó sọ náítíráìtì di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Nínú àpótí tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, bakitéríà kejì kì í tíì pọ̀ tó, náítíráìtì a sì kó jọ. Ẹnu ọ̀nà kan náà tí ẹ̀yà ìmí ẹja fi ń fa kílóráìdì, tí í ṣe ìdajì iyọ̀, ni náítíráìtì ń gbà wọlé. Bí ó bá dé inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a pọ́n bí omi ṣokoléètì, kò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ẹja yóò máa yán ẹnu lójú omi tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Gíráàmù kan iyọ̀ nínú lítà kan máa ń tó láti mú kí kílóráìdì dí ẹnu ọ̀nà náà mọ́ náítíráìtì. Èyí kejì ni ààrùn ẹfun, níbi tí àmì funfun kéékèèké ti ń yọ káàkiri ìpẹ́ àti lẹ́bẹ́ ẹja. Kòkòrò tí ó ń fà á a máa fara pamọ́ sábẹ́ awọ ẹja, níbi tí oògùn kankan kì í ti í bá a, ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá jáde sínú omi láti wá ẹja mìíràn ni iyọ̀ lè pa á, nítorí náà ìtọ́jú oní-gíráàmù 2 sí 3 gbọ́dọ̀ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí gbogbo ìran kòkòrò náà tó tán. Èyí kẹta ni ìrìn àjò. Ẹja tí a fi ọ̀rá gbé láti Àkúrẹ́ dé Igbókọ̀dá, tí a tún gbé sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn ìlú etí òkun, ti rẹ̀ kí ó tó délé, ohun tí ń yọ̀ lára rẹ̀ ti bó, iyọ̀ ara rẹ̀ sì ń jò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gíráàmù 2 tàbí 3 nínú lítà omi ọ̀rá náà a máa dín ikú lójú ọ̀nà kù.

Pé omi iyọ̀ lè jẹ́ oògùn kò ṣàjèjì sí ìrònú Yorùbá, ìtàn Ìjẹ̀ṣà ṣáà sọ pé Ajíbógun rin ìrìn àjò dé òkun láti bu omi rẹ̀ wá fún ìwòsàn ojú Odùduwà. Ṣùgbọ́n oògùn kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni àṣà dída iyọ̀ sínú gbogbo àpótí ẹja ní gbogbo ìgbà, èyí tí ọ̀pọ̀ olùtajà ẹja wíwò ń gba oníbàárà wọn níyànjú láti máa ṣe, ti kùnà. Iyọ̀ kì í kó ìgbẹ́ kúrò nínú omi. Ó kàn ń mú kí ẹja lè fara da ìdọ̀tí náà fún ìgbà díẹ̀ sí i, olówó ẹja a sì rò pé omi mọ́. Ọ̀pọ̀ ewéko inú omi a máa rọ bí iyọ̀ bá ti kọjá gíráàmù mélòó kan. Omi oníyọ̀ kì í gba afẹ́fẹ́ tó omi odò, débi pé nínú ooru kan náà, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú omi òkun fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti omi aláìníyọ̀. Àwọn ẹja tí irà omi dúdú bí, níbi tí ewé jíjẹrà ti sọ omi di kíkan díẹ̀ tí ó sì rọ̀, kò fẹ́ iyọ̀ rárá bí kò bá jẹ́ nígbà àìsàn.

Ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà wọ omi náà tún ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Ara ẹja nílò ọjọ́ mélòó kan láti tún àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yà ìmí rẹ̀ tò fún omi tuntun, àwọn bakitéríà inú asẹ́ omi sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà gíráàmù kan nínú lítà kan lóòjọ́ ni ó yẹ kí a máa fi kún un, bóyá kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú abọ́ ni a ti ń kọ́kọ́ yọ́ iyọ̀ náà kí a tó dà á sínú àpótí. Horo iyọ̀ tí ó bá bọ́ lé ẹja lára a máa jó o. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé ni pé oòrùn ń fa omi, kì í fa iyọ̀: bí àpótí oní-lítà 100 tí a fi gíráàmù 200 iyọ̀ sí bá gbẹ díẹ̀, omi lásán ni a fi ń kún un, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ gbọ́n lítà 25 jáde láti pàrọ̀ rẹ̀, gíráàmù 50 ti bá a lọ, lítà 25 tuntun tí ó ní gíráàmù 50 nínú ni a ó sì dá padà. Ẹni tí ń bu iyọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí omi bá fà, láìpẹ́ ọjọ́, ó ti ń sin ẹja odò nínú ọ̀sà láìmọ̀.

Ní ti irú iyọ̀ tí ó yẹ, iyọ̀ ọbẹ̀ tí a ń tà nínú ọ̀rá ní ọjà Igbókọ̀dá tó fún ìtọ́jú ráńpẹ́, áyódíìnì tí òfin Nàìjíríà ní kí a fi sínú rẹ̀ kò sì pa ẹja ní ìwọ̀n tí à ń sọ yìí. Fún omi àmúlùmálà tí ẹja yóò máa gbé títí, iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó, nítorí pé oríṣi iyọ̀ kan ṣoṣo ni, nígbà tí omi òkun ní oríṣiríṣi nínú, títí kan kálísíọ́ọ̀mù àti magnesium, pẹ̀lú kábónéètì tí kì í jẹ́ kí omi ṣàdédé kan. Níhìn-ín ni ará Ìlàjẹ ti ní àǹfààní tí ẹni tí ń sin ẹja ní Ìbàdàn yóò fi owó ńlá rà. Omi òjò tí a ń gbè láti orí páànù, nítorí pé kànga etíkun sábà máa ń níyọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ohun alumọ́ni kankan nínú, òkun sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ̀n omi òkun kan pẹ̀lú ìwọ̀n omi òjò mẹ́fà yóò fún ni ní gíráàmù 5 nínú lítà kan. Ìwọ̀n òkun kan pẹ̀lú ìwọ̀n òjò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yóò fún ni ní gíráàmù kan. Etíkun Màhìn jẹ́ etíkun ẹrẹ̀, kì í ṣe ti iyanrìn funfun bí ti Èkó, nítorí náà omi tí a bá bù ní etí òkun gbọ́dọ̀ tòrò nínú ìkòkò tàbí garawa fún ọjọ́ kan sí méjì, kí a sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, èyí tí ọ̀rá epo rọ̀bì bá sì hàn lójú rẹ̀ kò yẹ fún ẹja rárá.

Omi Ìlàjẹ fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà òjò, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, odò a máa kún, a sì ti omi òkun sẹ́yìn, débi pé àwọn ọ̀nà omi kan tí ó jìnnà sí òkun a fẹ́rẹ̀ẹ́ di aláìníyọ̀ pátápátá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò a fà, òkun a sì wọlé padà. Òṣùwọ̀n kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀: koríko ńlá olódòdó àlùkò tí ó ti ń bo ojú omi gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà láti nǹkan bí ọdún 1984, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, tí ó sì ń ya àwọ̀n, kò lè fara da iyọ̀ púpọ̀. Níbi tí ó bá tutù yọ̀yọ̀, omi náà ṣì wà fún ẹja odò. Níbi tí etí ewé rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí èyí tí iná rà, tí gbogbo rẹ̀ sì ń pọ́n tí ó ń rì, iyọ̀ ti dé. Kí olùsin ẹja tún rántí pé omi oníyọ̀ wúwo ju omi odò lọ, ìsàlẹ̀ ni ó sì máa ń gbà wọlé, nígbà tí omi òjò ń ṣàn lórí rẹ̀. Garawa tí a bù lójú omi lè má níyọ̀ rárá, kí ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò kan náà sì máa fa omi ọ̀sà sínú tánkì ẹja.

Ohun tí iyọ̀ lè ṣe nígbà tí kò sí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n hàn gbangba ní agbègbè Awoye. Lẹ́yìn tí a gbẹ́ ọ̀nà omi fún iṣẹ́ epo rọ̀bì níbẹ̀ ní àwọn ẹ̀wádún tí ó kọjá, òkun rí ẹnu ọ̀nà wọ inú irà tí kò mọ iyọ̀ rí. Àwọn igi omi odò kú ní ìdúró, ilẹ̀ tí gbòǹgbò wọn dì mú tú, etí òkun sì ń wọ ilẹ̀ lọ. Ẹja odò tí ó bá rí ọ̀nà a sá lọ sókè odò. Èyí tí kò rí ọ̀nà kú. Ìyípadà kan náà tí a lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú àpótí gíláàsì ni òkun ṣe níbẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin pẹ̀lú, níbi tí ọ̀nà omi tí a là ní Kútọnu ní ọdún 1885 ti so adágún Nokoué mọ́ òkun, tí adágún náà, èyí tí ìlú Ganvié wà lórí rẹ̀, fi di omi àmúlùmálà tí ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ níyọ̀ nígbà tí odò bá kún.

Ẹja tí ó jàǹfààní irú omi bẹ́ẹ̀ jù lọ ní gbogbo etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ẹ̀pìyà ọ̀sà, èyí tí ọrùn àti àgbọ̀n rẹ̀ ń dúdú bí ó bá dàgbà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sarotherodon melanotheron. Akọ rẹ̀ ni ó ń kó ẹyin sí ẹnu títí tí ọmọ yóò fi jáde. Ó ń gbé inú odò, inú ọ̀sà àti inú omi òkun. Ní ẹnu odò Saloum ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí oòrùn ti fa omi títí tí iyọ̀ rẹ̀ fi ju ti òkun lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ni a ń bá níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tóbi. Òun ni ó ń kó wọ inú àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja Nokoué ń gún mọ́ ìsàlẹ̀ adágún, èyí tí wọ́n ń pè ní acadja, láti jẹ ohun tútù tí ń hù lára igi náà. Ẹja yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà kó lọ gẹ́gẹ́ bí ẹja wíwò. Ó bọ́ sínú omi ìpínlẹ̀ Florida láàárín ọ̀rúndún ogún, ó sì pọ̀ ní Tampa Bay débi pé ó di ẹja tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń kó nínú àwọ̀n. Kò sí ohun tí ó burú nínú fífi í sí àpótí gíláàsì ní Igbókọ̀dá, níbi tí ó ti jẹ́ ọmọ ilé. Lọ́nà kan, ó yẹ kí ó jẹ́ òun gan-an ni a ó kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́, nítorí pé ó ń dárí ji àṣìṣe.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn wà nínú omi gúúsù Nàìjíríà tí àwọn olùfẹ́ ẹja ní Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó rà. Ọ̀kan ni ẹja kékeré tí ikùn abo rẹ̀ pupa, Pelvicachromis pulcher, tí a ṣàpèjúwe ní ọdún 1901, tí ilé rẹ̀ jẹ́ àwọn odò bí Ethiope ní Ìpínlẹ̀ Delta. Omi odò ni ó fẹ́, ó sì lè gba iyọ̀ ìwọ̀nba. Òmíràn ni Erpetoichthys calabaricus, tí ó rí gbọọrọ bí ejò, tí ó ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, tí a ń rí nínú irà etíkun láti agbègbè odò Ògùn lọ sí Cameroon àti síwájú. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró àti ọsàn tí a ń pè ní Fundulopanchax, tí wọ́n ń yé ẹyin sínú ewé jíjẹrà, ń gbé inú àbàtà igbó létí òkun. Omi dúdú ni tiwọn, a kò sì gbọdọ̀ rò pé ìtòsí òkun tí wọ́n ń gbé sọ wọ́n di ẹja iyọ̀. Ẹni tí ó bá ní omi oní-gíráàmù 10 sí 20 tí kò lè dín kù, Monodactylus sebae ni ó yẹ kí ó wá, ẹja pẹlẹbẹ aláwọ̀ fàdákà tí ń gbé ìdí igi ẹ̀gbà ní ẹnu odò láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà, dípò kí ó máa fi ipá sọ àrọ̀ di ẹja òkun.

Kí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wọn omi rẹ̀ ní oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kí ó tún wọ̀n ọ́n ní oṣù Kẹsàn-án, kí ó sì fi èyí tí ó ga jù nínú méjèèjì yan ẹja. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ta ọmọ ẹja fún un pé nínú omi wo ni a ti pa wọ́n. Bí ó bá jẹ́ láti Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, omi aláìníyọ̀ ni wọ́n ti wá, ọjọ́ mélòó kan ni ó sì gbọ́dọ̀ fi mú wọn dé orí gíráàmù 3 tàbí 5. Bí ẹja náà bá sì sú u, tí kò fẹ́ sìn ín mọ́, kí ó tà á tàbí kí ó sè é. Kí ó má ṣe da ẹja àjèjì sínú ọ̀nà omi tí gbogbo Ìlàjẹ jọ ń pẹja.